Àgbáyun: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́ ọmọ igi eléso tà nílùú Ìbàdàn níbí, kò sì sí igi tí àwọn oníbàárà ń bi mí ní ìbéèrè nípa rẹ̀ tó àgbáyun. Àwọn àgbà máa ń wá béèrè èyí tí wọ́n jẹ nígbà èwe wọn lábúlé. Àwọn ọ̀dọ́ rí i lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé igi òyìnbó ni. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Bí ẹ ti ń kà á lọ, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: èso yìí kì í pẹ́ bàjẹ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àgbáyun lè ṣe, àfi kó ní igi rẹ̀ nítòsí.

Kí ni àgbáyun gan-an?

Igi kékeré ni, ó sì máa ń ya ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀. Nínú ọgbà ilé, kì í sábà ju mítà 2 tàbí 3 lọ, àmọ́ èyí tó ti pẹ́ nínú igbó lè ga jù bẹ́ẹ̀. Kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ sì máa ń ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì kéré débi pé ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láìfura. Èso rẹ̀ gùn díẹ̀, ó tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Tí ó bá gbó, á pọ́n fòò.

Mọ̀lẹ́bí agbálùmọ̀ ni, ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì pẹ̀lú igi òrí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbátan yẹn pẹ̀lú ojú rẹ̀, kó fọ kóró àgbáyun kan mọ́ kó sì yí i wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àmọ́ ojú kan wà lára rẹ̀ tó ṣá, tó sì ń ha ọwọ́ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kóró agbálùmọ̀ ṣe rí, àfi pé ti àgbáyun kéré. Kóró kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú èso kan.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é kárí ayé ni Synsepalum dulcificum.

Ṣé òyìnbó ló mú un wá ni?

Rárá o. Ilẹ̀ wa níbí ni orírun rẹ̀: láti Gánà títí dé ìhà Kóńgò, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà láàárín. Igbó tó tutù, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ló ti ń hù fúnra rẹ̀, lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá. Àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀ ń pè é ní sisrè, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí àwa náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Àwọn òyìnbó ló wá bá a lọ́wọ́ wa. Ní nǹkan bí 1725, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Chevalier des Marchais dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó rí i pé àwọn ènìyàn máa ń jẹ èso pupa kékeré kan kí wọ́n tó jẹun, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1827, Schumacher àti Thonning, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní Denmark, fún un lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀ ewéko. Ní 1852, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William Daniell, tún kọ̀wé nípa rẹ̀, òun ló sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ó di 1927 kí David Fairchild tó kó kóró rẹ̀ láti Kamẹrúùnù lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ wò ó: nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré ni wọ́n ti ń gbìn ín lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti ń tà á fún ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a ni ín kò ní i lẹ́yìnkùlé mọ́. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ Ìbàdàn bá bi mí pé ìlú wo ni mo ti kó o wọlé.

Kí ló ń ṣe lẹ́nu èèyàn?

Tí ẹ bá jẹ ẹ́ lásán, kò dùn lọ títí. Adùn díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ sì máa ń wò mí bíi pé mo tàn wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n ní sùúrù, màá wá gé ọsàn wẹ́wẹ́ fún wọn. Ọsàn tó yẹ kó mú wọn rún ojú, á dùn débi pé wọn á lá ọwọ́ wọn.

Èròjà kan tó wà nínú ẹran èso náà ló ń ṣe é. Ẹ̀yà púrótéènì kan ni, miraculin ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Tí nǹkan kíkan kò bá sí lẹ́nu, á kàn wà níbẹ̀ ni, kò ní ṣe nǹkan kan. Nígbà tí nǹkan kíkan bá dé, ìkan yẹn gan-an ló máa tà á jí, á wá rán ọpọlọ níṣẹ́ pé nǹkan dídùn ti wọlé. Tí itọ́ bá fọ ìkan náà kúrò lẹ́nu, adùn á lọ. Tí ẹ bá tún fi ọsàn kan ẹnu, á tún dé. Bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí 1, nígbà mìíràn ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe kan tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dùn tó.

Ní 1968 ni Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler, ní Florida State University, yọ èròjà náà jáde. Lọ́dún kan náà, àwọn onímọ̀ ní Netherlands náà yọ ọ́. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Japan wá fi hàn bó ṣe ń bá ibi adùn lórí ahọ́n ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Àwọn ìyá àgbà wa kò mọ orúkọ èròjà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kí ẹmu kíkan tó kan ẹnu ni èèyàn ń jẹ àgbáyun, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń yí padà ṣá o. Ewúro á ṣì korò, orógbó á ṣì korò, agbo á ṣì korò. Omi lásán kò ní dùn. Ata á ṣì ta.

Báwo ni mo ṣe máa jẹ ẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa?

Ẹ kọ́kọ́ fi omi yọ ẹnu. Ẹ mú èso tó ti pọ́n pátápátá, tó rọ̀ díẹ̀ tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ jù ú sẹ́nu, kí ẹ fi eyín rọra fọ́ awọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́ kóró inú rẹ̀, nítorí ó korò. Ẹran ara rẹ̀ kò pọ̀: fẹ́lẹ́ ni, funfun ni, ó sì máa ń yọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á kàn gbé e mì. Ẹ má gbé e mì. Ẹ fi ahọ́n yí i kiri ẹnu, ẹ jẹ́ kó kan ahọ́n níwájú, lẹ́yìn àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ tó tu kóró dànù. Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín, kí ẹ tu ú sínú ife.

Ẹyọ kan tó fún èèyàn kan. Ẹ má fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ lé e, nítorí ooru kì í jẹ́ kí èròjà yẹn ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kò sí ọbẹ̀ tí a lè fi àgbáyun sè, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é dà sínú tíì.

Kí ni àwọn baba wa ń lò ó fún?

Oúnjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹmu tó ti sun mọ́jú máa ń kan, àgbáyun kan ṣoṣo sì tó láti mú un dùn lẹ́nu. Ògì tó ti pẹ́ nínú omi àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi í ṣe, wọ́n máa ń jẹ àgbáyun kí wọ́n tó mu ún, nígbà tí ṣúgà kò tíì wọ́pọ̀ nílé tálákà. Àwọn ará oko tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ máa ń já a lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ọmọdé sì máa ń wá a lọ nígbà ìyeyè, torí kí ìyeyè tó kan lè di jíjẹ.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù lónìí ni ti gààrí. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, omi tútù, ẹ̀pà sísun díẹ̀, kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ àgbáyun kan kí ẹ tó gbé ṣíbí. Ẹ tún fi ìṣápá pupa tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó tutù dán an wò, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sobo, láì fi nǹkan kan sí i. Agbálùmọ̀ tó kan náà ńkọ́? Ẹni tó bá dán an wò á mọ̀ pé ìdílé kan náà ni wọ́n lóòótọ́.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà ń lo ewé, èèpo àti gbòǹgbò rẹ̀, pàápàá àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn Yorùbá ibodè wọn. Wọ́n ń lò ó fún àtọ̀gbẹ, ara gbígbóná àti ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Bí wọ́n ṣe ń pò ó àti ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi í sílẹ̀ sí.

Ṣé òun kọ́ ni èso ewé ẹẹ́ran?

Òun kọ́. Ewé ẹẹ́ran, tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, kì í ṣe igi. Ilẹ̀ ló ti ń yọ ewé rẹ̀ gbàgàdà, ìdí rẹ̀ nílẹ̀ sì ni èso rẹ̀ ti máa ń so, èyí tó ní igun mẹ́ta tó sì pọ́n. Èso yẹn dùn fúnra rẹ̀, kò nílò nǹkan kíkan kankan kó tó dùn. Èròjà inú rẹ̀ ni thaumatin. Dókítà Daniell tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n fi sọ orúkọ ewé ẹẹ́ran lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀: Thaumatococcus daniellii. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa da méjèèjì pọ̀.

Wọ́n ní ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò ní ta igi kankan fún ẹni tó bá fẹ́ torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Ohun tí àgbáyun ń ṣe, ẹnu ló ti ń ṣe é. Ó lè ran ẹni tí wọ́n ní kó dín ṣúgà kù lọ́wọ́, kó lè mu ògì tàbí ìṣápá láì fi ṣúgà kankan sí i, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ adùn. Ṣùgbọ́n gààrí ṣì ni gààrí. Bó kan lẹ́nu, bó dùn lẹ́nu, tó bá dénú, á di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lọ kílíníìkì àtọ̀gbẹ, ní UCH tàbí níbòmíràn, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó fi ewé tàbí gbòǹgbò rẹ̀ ṣe agbo.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: ọsàn wẹ́wẹ́ tó dùn lẹ́nu yín kò tíì fi kíkan rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tó wá mu ife kan nítorí pé ó dùn, inú rẹ̀ ló máa sọ fún un. Ó tún máa ń jẹ eyín.

Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti fún àwọn aláìsàn díẹ̀ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ní àgbáyun, torí pé oògùn yẹn máa ń ba ìtọ́wò jẹ́, oúnjẹ á sì di bí irin lẹ́nu wọn. Ó ran àwọn kan nínú wọn lọ́wọ́ láti jẹun. Àwọn tí wọ́n dán an wò fún kò pọ̀ tó láti fi pariwo, àmọ́ mo gbà pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ tiwa náà máa wò ó.

Kí ló dé tí mi ò rí i rà lọ́jà?

Nítorí pé kò ṣe é gbé jìnnà. Ẹ já a láàárọ̀ òní, á dára títí di ọ̀la. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, awọ rẹ̀ á hunjọ, pupa rẹ̀ á ṣókùnkùn, ara rẹ̀ á rọ̀ jù, agbára rẹ̀ á sì ti lọ. Alájàpá tó ra ọsàn mọ̀ pé ó lè wà lórí igbá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló máa fi owó rẹ̀ ra ohun tí yóò bàjẹ́ kó tó tà á?

Lásìkò tó bá so, lẹ́yìn òjò, àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko máa ń gbé díẹ̀ wá láàárọ̀ kùtù. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn lẹ́kulẹ́ja ní Bódè tàbí Ọjà Ọba, wọ́n máa ń mọ ẹni tó ní igi. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tí awọ rẹ̀ kò bá dán mọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó ní igi tó sì ní fìríìsà tó ń ṣiṣẹ́ lè bọ́ ẹran ara rẹ̀ kúrò lára kóró, kó fi í sínú ọ̀rá, kó sì jẹ́ kó di yìnyín. Ìyẹn máa ń pẹ́.

Ṣé ó lè ṣe dáadáa ní Ìbàdàn?

Ó lè ṣe é, tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀. Òjò Ìbàdàn, tó máa ń tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ́dún, kò burú fún un. Ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wàhálà rẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí di ìgbà tí òjò bá dúró dáadáa, ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kó ewé gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Ẹ má jẹ́ kí ewé náà kan ara igi. Abẹ́ òjìji díẹ̀ ni kó wà, bí abẹ́ ẹ̀ka máńgòrò tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé.

Ilẹ̀ ló tún ṣe pàtàkì ju omi lọ. Ilẹ̀ tó kan ni àgbáyun ń fẹ́, èyí tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, wà láàárín 4.5 sí 5.8. Ibí ni ilé ìgboro ti ń pa á. Ọ̀pọ̀ àgbàlá wa ní Àpáta, ní Akọ́bọ̀, ní Olódó, àlòkù sìmẹ́ǹtì àti bíríkì ló kún abẹ́ ilẹ̀ wọn, sìmẹ́ǹtì sì máa ń pa kíkan ilẹ̀. Ẹ má gbìn ín sẹ́bàá ògiri. Ẹ má da eérú sí ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eérú dára fún ẹ̀fọ́, torí iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe ni eérú náà ń ṣe. Tí ilẹ̀ kò bá bá a mu, ewé tuntun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: á máa pọ́n bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gbó, àwọn iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù ní àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá rí èyí, ẹ má rò pé ebi ajílẹ̀ ló ń pa á. Ẹ tú u, kí ẹ sì fi í sí ilẹ̀dú tí wọ́n gbé láti abẹ́ igbó, èyí tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá lè gbìn ín sínú ike ńlá tí wọ́n lu ihò sí nídìí. Ó ṣe é ṣe dáadáa, nítorí pé igi náà kì í tóbi. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ilé àyágbé: ọjọ́ tí wọ́n bá kó, àgbáyun wọn á bá wọn lọ.

Báwo ni mo ṣe máa gbin kóró rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí ẹ bá jẹ ẹ́, tàbí ọjọ́ kejì. Kóró tó bá ti gbẹ ti kú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta kóró gbígbẹ fún yín. Ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò pátápátá kí èèrà má baà wá a wá. Ẹ fi ilẹ̀dú sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dùbúlẹ̀ kóró sí i, kí iyẹ̀pẹ̀ tó bò ó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ gbé e sí òjìji, kí iyẹ̀pẹ̀ náà máa tutù láì kún fún omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló máa ń hù. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá, ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó dà á nù.

Ọdún mélòó ni kó tó so?

Ọdún 3 sí 4 láti inú kóró, tí ilẹ̀ bá bá a mu. Kì í yára dàgbà. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè má ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí méjì lọ, ìgbà yẹn sì ni àwọn èèyàn máa ń sọ̀rètí nù tí wọ́n á fà á tu. Ẹ má fà á tu. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó lè so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò.

Ibo ni mo ti lè rí ọmọ igi rẹ̀?

Ẹ béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìdí-Ìṣin láti 1975, àti ní FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò. Àwọn tó ń ta òdòdó àti ọmọ igi lẹ́bàá títì náà máa ń ní in nígbà mìíràn. Ẹ ra èyí tó ti tó ọdún kan, kí ewé rẹ̀ máa dán, kí gbòǹgbò rẹ̀ má tíì yọ jáde nídìí ọ̀rá.

Ṣé mo lè fi ṣòwò?

Ẹ rọra. Òtítọ́ ni pé wọ́n ń tà á lówó gọbọi lókè òkun, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ láì fi ooru kàn án ni, ẹ̀rọ yẹn kì í sì í ṣe ti owó kékeré. Ìjọba náà sì wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Robert Harvey dá ilé iṣẹ́ Miralin sílẹ̀ lórí àgbáyun, ṣùgbọ́n ní 1974, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kò gbà kí wọ́n máa tà á gẹ́gẹ́ bí ohun amúǹkan-dùn, ilé iṣẹ́ náà sì ṣubú. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tiwọn fọwọ́ sí títa èso gbígbẹ rẹ̀ ní 2021. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣòwò níbí, ohun tí mo máa ń gbà á níyànjú ni pé kó kọ́kọ́ gbin mẹ́wàá, kó rí èso wọn, kó sì mọ àwọn tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ládùúgbò, bí ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń ta ohun mímu tútù, kó tó ronú hẹ́kítà kan.

Ṣé ọmọdé lè jẹ ẹ́?

Wọ́n lè jẹ ẹ́, àwọn gan-an ló máa ń gbádùn rẹ̀ jù. Ẹ ṣáà bá ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún yọ kóró rẹ̀ kí ó má baà há a lọ́fun, kí ẹ sì máa ka ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń mu tẹ̀ lé e, torí pé tí ẹ kò bá dá wọn dúró, wọ́n á mu ún títí inú á fi máa run wọ́n.